Ilẹ̀ Dúdú Tí Ó Kọ Sìmẹ́ǹtì

Bí ẹ bá kó gbogbo Yorùbá tó wà ní Houston jọ, dókítà, nọ́ọ̀sì, ẹnjiníà, àti àwọn oníṣòwò tó ń wọ bàtà dídán, ẹ ò ní rí ẹnì kan nínú wọn tó lè fi ilẹ̀ lásán ṣe búlọ́ọ̀kù tó máa dún ko-ko bí a bá fi ìka kàn án. Èmi lè ṣe é. Prímárì mẹ́ta ni mo kà, mo sì ti fi ọwọ́ méjì yìí kọ́ ilé fún àwọn tó kàwé dé òpin. Yorùbá nìkan ni mo lè kọ, mo sì ń kọ ọ́ dáadáa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ ògiri ilẹ̀ àánú yìí sílẹ̀ fúnra mi, kí ẹlòmíràn má baà sọ ọ́ lódì.

Nílé, ilẹ̀ pupa la máa ń wà. A ó jọ̀ ọ́, a ó po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, garawa sìmẹ́ǹtì kan sí garawa ilẹ̀ méjìlá. A ó wọ́n omi sí i níwọ̀nba, a ó dà á sínú ẹ̀rọ onírin, a ó sì fi ọ̀pá gígùn tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi le. Sìmẹ́ǹtì díẹ̀ yẹn ló ń so ilẹ̀ mọ́ra tí òjò ò fi ní tú u ká. Èmi ni mo ń tẹ ẹ̀rọ. Ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì, ló ń po ilẹ̀. Bí mo bá na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn báyìí, láì wẹ̀yìn rárá, páànù ilẹ̀ á ti wà níbẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlógún la fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Kò sí ìgbà kan tí mo nawọ́ tí ọwọ́ mi bọ́ sófo.

Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì wa ló mú mi wá sí Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì ni. Nígbà tí iṣẹ́ gbé òun àti ọkọ rẹ̀ lọ sí ìpínlẹ̀ mìíràn, ó ní, “Dádì, ẹ jẹ́ ká jọ máa lọ.” Mo ní rárá o, mo ti ní iṣẹ́ tèmi, mi ò lè máa tọ ọmọ lẹ́yìn bí ẹrù. Ìyá Ìbejì kò tíì wá. Nígbà tí ìwé rẹ̀ délẹ̀, ó ní kí wọ́n dúró ná, ìyá òun ti darúgbó. Ìyá náà kú, wọ́n sin ín, Ìyá Ìbejì tún ní kí wọ́n dúró ná. Mi ò bi í pé kí ló dé. Ọjọ́ Sunday la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣé àlàáfíà ni? Àlàáfíà ni. Òtútù ńkọ́? Kò sí òtútù. Ó dàbọ̀ o.

Ní Pasadena tó wà lẹ́bàá Houston, ní ilé iṣẹ́ epo kan létí omi, ni mo ti ń fọ àwọn àgbá ńlá. Ọjọ́ mẹ́rin níṣẹ́, ọjọ́ mẹ́rin nílé. Ọjọ́ mẹ́rin ilé ló burú. Mo lè lò ó tán nínú apartment mi láì gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni tó pè mí. Ọkùnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí tèmi máa ń gbé ọwọ́ sókè láti inú ọkọ̀ rẹ̀, èmi náà á gbé tèmi sókè. Ọdún mẹ́ta nìyẹn, a ò tíì sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìjọ aláṣọ funfun tí mò ń lọ ra ilẹ̀ kan ní òde Cypress, ní ìhà kejì Houston, níbi tí àwọn ilé tuntun ti ń parí tí pápá ti ń bẹ̀rẹ̀. A da iyanrìn sí apá kan rẹ̀, a fi ṣe ilẹ̀ àánú, níbi tí ènìyàn ti ń bọ́ bàtà tó ń dọ̀bálẹ̀ gbàdúrà. Àmọ́ ajá àwọn aládùúgbò kò mọ̀ pé ibi mímọ́ ni. Ẹ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe síbẹ̀. Nígbà ìpàdé, Ìyá Ìjọ wa, obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè, ní ká ra búlọ́ọ̀kù oníkọnkéré, ká mọ ògiri tó ga dé ìbàdí yíká, ká lọ sílé.

Mo dìde. “Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Èmi wà níbí, ẹ fẹ́ lọ ra búlọ́ọ̀kù?”

“Ẹ̀yin lẹ máa tà á fún wa ni, Dádì?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín.

“Mi ò ní tà á. Ilẹ̀ tí a ń gbàdúrà lé lórí yìí gan-an ni màá fi ṣe é. Màá parí ẹ̀ kó tó di ìkórè. Bí òjò bá tú ọ̀kan ṣoṣo ká níbẹ̀, ẹ má pè mí ní bíríkìlà mọ́.”

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń pè mí ní Bàbá Bíríkìlà. Kí n tó ṣe ìlérí yẹn, “Dádì” ni wọ́n ń pè mí bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo ọkùnrin tórí rẹ̀ ti ń funfun. Wàyí, àwọn nọ́ọ̀sì inú ìjọ á kí mi ní ẹnu ọ̀nà: “Bàbá Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́ o!” Mo máa ń gbé orúkọ yẹn délé, mo máa ń jókòó tì í. Mo mọ̀ pé bí búlọ́ọ̀kù yẹn bá já mi kulẹ̀, orúkọ náà á bá a lọ, mi ò sì ní òmíràn ní ìlú yìí.

Ọmọ Mẹ́síkò kan tó ń jó irin ní Pasadena ló bá mi ṣe ẹ̀rọ. Mi ò lè ya àwòrán, òun náà ò gbọ́ èdè mi, ọwọ́ ni mo fi júwe é fún un nínú afẹ́fẹ́ títí ó fi rí i. Ẹ̀rọ náà dára. Ẹni tó bá ní kò dára kó lọ ṣe tirẹ̀.

Gbogbo ọjọ́ ilé mi ni mo fi ń wakọ̀ lọ sí Cypress. Àwọn ará ìjọ ti lọ síbi iṣẹ́, àwọn ọmọ wọn wà níléèwé. Èmi, ẹ̀rọ mi, ariwo ọkọ̀ lórí freeway lókèèrè, àti àwọn ẹyẹ dúdú onírù gígùn tí wọ́n ń wò mí bí ọ̀gá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bí èédú, ó ti là débi pé ẹsẹ̀ lè wọ inú rẹ̀. Ní ilé kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo rí òyìnbó àgbàlagbà kan tó fi rọ́bà omi ń bomi rin ìdí ilé rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, “Àwọn ará ibí! Ṣé ilé náà ń hù ni?” Kò sí ẹni tó gbọ́. Mo wà á, mo jọ̀ ọ́, mo po sìmẹ́ǹtì mọ́ ọn, kan sí méjìlá bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí ẹ̀rọ tán, mo na ọwọ́ ọ̀tún sẹ́yìn.

Ọwọ́ mi dúró sínú afẹ́fẹ́. Mo wo ọ̀tún wo òsì bí ẹni tó jalè, mo sì lọ bu ilẹ̀ fúnra mi.

Ọ̀sán Saturday kan, ẹnjiníà kan nínú ìjọ wa yà bá mi. Ẹni ogójì ọdún ni, irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń ní funfun, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa yẹ ilẹ̀ wò kí wọ́n tó la títì lé e lórí. Ó kí mi tán, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu ilẹ̀ díẹ̀, ó wọ́n omi sí i, ó yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́ títí ó fi gùn bí okùn. Ó wá ká okùn yẹn yí ìka rẹ̀ bí òrùka. Kò já.

“Daddy, ẹ wò ó. Amọ̀ ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Tí omi bá kàn án, á wú. Tó bá gbẹ, á sún kì. Cement nìkan ò lè mú un. Láìmù ló ń fẹ́, sir.”

Láìmù ni ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń rí nínú òkúta tí wọ́n sun. Inú àpò ló máa ń wà bíi sìmẹ́ǹtì, ó sì máa ń jó ọwọ́. Wọ́n ń dà á sí abẹ́ títì ní ìlú yìí. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lónìí. Lọ́jọ́ yẹn, ohun tí mo gbọ́ ni pé ẹnì kan ń kọ́ mi níṣẹ́ mi.

“Ìwọ, o ti tẹ búlọ́ọ̀kù rí?”

“Rárá sir. Mo máa ń tẹ́ẹ̀sì ilẹ̀ ni.”

“Ó dáa. Nígbà tí wọ́n ń so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ẹ nídìí, èmi ń tẹ búlọ́ọ̀kù. Ilé tí mo kọ́ wà níbẹ̀ lónìí, àgbà ti ń kú nínú ẹ̀, wọ́n ń bímọ sínú ẹ̀. Máa tẹ́ẹ̀sì títì ẹ lọ.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ má bínú, Bàbá Bíríkìlà.” Ó gbé òrùka amọ̀ yẹn lé orí búlọ́ọ̀kù kan, ó bá tirẹ̀ lọ. Mo fi bàtà tẹ òrùka náà pẹ́rẹ́sẹ́.

Ọgọ́fà búlọ́ọ̀kù ni mo tẹ̀. Mo tò wọ́n, mo fi tàpólì bò wọ́n, mo padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo wà ní Pasadena ni òjò dé. Òjò Houston kì í kìlọ̀: ó rọ̀ fún ọjọ́ méjì bí ẹni tí wọ́n sanwó fún. Ọkàn mi balẹ̀. Mo tilẹ̀ sọ fún àwọn tí a jọ ń fọ àgbá pé òjò yìí á dán búlọ́ọ̀kù mi wò, wọ́n á sì rí i. Wọn ò mọ ohun tí mò ń sọ.

Àárọ̀ Thursday ni mo débẹ̀. Tàpólì kò ṣí. Ìsàlẹ̀ ni omi gbà wọlé. Mo gbé e sókè, mo rí i pé gbogbo ìlà ìsàlẹ̀ ti wú bíi búrẹ́dì tí a rì bọ tíì. Èyí tó wà lókè wọn ti là láti òkè délẹ̀, etí wọn ń bọ́. Mo mú ọ̀kan, ìdajì rẹ̀ kù sílẹ̀. Mo mú òmíràn. Mo jókòó sórí ẹ̀rọ.

Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù kí gbogbo ìjọ pé síbẹ̀ ní Sunday. Mo rò ó pé kí n kó gbogbo rẹ̀ sínú kòtò lẹ́yìn pápá, kí n sọ pé olè kó o. Olè! Ta ló máa jí búlọ́ọ̀kù amọ̀ kó ní Amẹ́ríkà? Mo rẹ́rìn-ín sókè, ẹ̀rín náà sì bà mí lẹ́rù, nítorí òun ni ohùn àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi láti àná. Mo ronú pé kí n pe ẹnjiníà yẹn. Ẹnu mi kò gbà. Ni mo bá pe ilé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni níbí, aago mẹ́ta ọ̀sán ni lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Bàbá Ìbejì? Òní kọ́ ni Sunday. Ta ló kú?”

“Ṣé ẹnì kan gbọ́dọ̀ kú kí n tó pè ẹ́ ni? Búlọ́ọ̀kù ló kú.”

Mo fẹ́ kàn ráhùn ni, kó bá mi kẹ́dùn, kí n gbé fóònù kalẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kẹ́dùn. Ìbéèrè ló bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí.

“Àwọ̀ wo ni ilẹ̀ ọ̀hún?”

“Dúdú.”

“Tí ẹ bá fún un lọ́wọ́, ṣé ó ń lẹ̀ mọ́ èékánná?”

“Ó ń lẹ̀.”

“Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó máa ń là?”

“Ẹsẹ̀ ń wọ ibẹ̀.”

“Ẹ ò ṣe rántí ti iléèwé ẹ̀bá odò? Ilẹ̀ dúdú náà kọ́ la fi ṣe é?”

“Mo rántí! Búlọ́ọ̀kù yẹn dà? Kò sán títí dòní. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ rántí búlọ́ọ̀kù. Ẹ ò rántí eérú.”

“Eérú wo?”

Mo ń gbọ́ adìẹ lẹ́yìn rẹ̀. “Bàbá Ìbejì, ibi ààrò ìyá mi ni mo ti ń kó eérú, àpò mẹ́jọ mẹ́jọ. Mo ń pò ó mọ́ ilẹ̀ yẹn, mo ń da iyanrìn sí i, mo ń bò ó mọ́lẹ̀ di ọjọ́ kejì kí n tó fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ kan án. Ẹ ń pariwo pé ọ̀lẹ ń ṣe mí, pé ilẹ̀ kì í sùn.”

Mo rántí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, ilẹ̀ kì í sùn. Amọ̀kòkò ni ìyá rẹ̀. Inú amọ̀ ni wọ́n bí Ìyá Ìbejì sí, ó mọ èyí tó ń wú, ó mọ èyí tó ń sán. Gbogbo ilẹ̀ tó dé ọwọ́ mi ní ọdún mọ́kàndínlógún, ó ti bá a sọ̀rọ̀ tán kó tó gbé e fún mi, mo sì rò pé bí ilẹ̀ ṣe rí nìyẹn.

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?”

“Mo sọ fún yín. Ẹ ní kí n dákẹ́, pé àwọn tó gbé iṣẹ́ wá ń wò yín.”

Ẹyẹ kan bà lé orí tàpólì, ó tún fò lọ.

“Ta ló wá ń po ilẹ̀ fún yín níbẹ̀?” ó bi mí.

“Èmi ni.”

“Ta ló ń bu ú?”

“Èmi náà ni.”

“Háà,” ó ní. A wà bẹ́ẹ̀ lórí fóònù, adìẹ ń ké lọ́dọ̀ rẹ̀, freeway ń hó lọ́dọ̀ mi. Lẹ́yìn náà ló ní, “Ẹ wá eérú. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ wá nǹkan tó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀.”

Mo pe ẹnjiníà. “Láìmù ẹ yẹn, níbo ni wọ́n ti ń tà á?”

“Daddy! Ẹ ti gbà?”

“Mi ò gbà. Ìyàwó mi ló gbà.”

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wú ikọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ Saturday, ó gbé àpò láìmù wá nínú ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé ìbọ̀wọ́ wá fún mi, ó sì jókòó tì mí fún odindi ọ̀sán. Òun ló ṣàlàyé òyìnbó tó ń bomi rin ilé: wọ́n ń ṣe é kí ilẹ̀ abẹ́ ilé má baà sún kì, kí ilé má baà là. Ìdáhùn ti wà lẹ́bàá ọ̀nà láti ìgbà yẹn, ẹ̀rín ni mo fi rín.

Lọ́jọ́ Sunday, mo fúnra mi ṣí tàpólì fún Ìyá Ìjọ. Mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí i fún mi. Ó wo búlọ́ọ̀kù, ó wo ojú mi.

“Bàbá Bíríkìlà, ṣé ká ra ti kọnkéré ni?”

“Ọjọ́ ìkórè ni mo dá, Ìyá. Ìkórè kò tíì dé.”

Mo fọ́ gbogbo rẹ̀ padà sí ìyẹ̀pẹ̀, mo sì bu òmíràn kún un. Iyanrìn, láìmù, omi. Mo bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mo jókòó tì í bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn. Ó ṣòro fún mi. Kánkán ni mo fi ń ṣiṣẹ́ láyé mi, nítorí sìmẹ́ǹtì kì í dúró de ènìyàn. Láìmù ní kí n dúró de òun. Nígbà tí mo ṣí i, ilẹ̀ dúdú tó máa ń lẹ̀ bí ẹ̀kọ ti di wóró-wóró, ó ń dà láàárín ìka mi bíi gààrí. Mo pe Ìyá Ìbejì.

“Ó ti dà bíi gààrí.”

“Ẹ fi sìmẹ́ǹtì díẹ̀ kan án, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kíá. Ẹ má gé fóònù. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́.”

Mo gbé fóònù lé orí àpò láìmù, lẹ́yìn mi, lápá ọ̀tún. Mo tẹ àkọ́kọ́.

“Omi ti pọ̀ jù,” ó ní láti Nàìjíríà. “Mo gbọ́ ọ. Ó ń dún fọ̀tì.”

“Ìwọ obìnrin yìí, láti ibẹ̀ yẹn?”

“Ẹ fi gbígbẹ díẹ̀ sí i.”

Mo fi sí i. Ó dún gbì. Ó ní, “Ehn. Òun nìyẹn.”

Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, èmi níbí, òun lọ́hùn-ún. Gbogbo ọjọ́ ilé mi. Ó ń gé ẹ̀fọ́, ó ń bá ẹni tó wá ra nǹkan sọ̀rọ̀, ó ń bú mi: “Ẹ rọra o, ọjọ́ orí yín kọ́ nìyẹn!” Mo ń dáhùn pé agbára mi ju ti ọmọ ogún ọdún lọ, kó lọ bi ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn tí mo tẹ̀ ẹ́ tán, mo ń bò ó, mo ń wọ́n omi sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ kó lè le. Bí ilẹ̀ kan kò bá yé mi, mo ń bi í. Mi ò bi í ní nǹkan mìíràn tó ń jẹ mí lọ́kàn.

Òjò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri. Búlọ́ọ̀kù wẹ̀, ó gbẹ, ó dúró. Mo fi ìka kàn án: ko-ko. Mo mọ ògiri yíká ilẹ̀ àánú, ó ga dé ìbàdí, ó gún bí ìlà tí wọ́n fi rúlà fà, ọ̀sẹ̀ kan sì kù kí ìkórè dé. Kò sí bíríkìlà tó lè mọ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni mo máa sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ ìkórè, Ìyá Ìjọ pè mí síwájú pé kí n jẹ́rìí. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ilé, bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ láti àwọn ilé tí mo kọ́ nílé, tí màá fi dé Texas. Mo wọ aṣọ funfun mi, mo dúró. Gbogbo wọn ń wò mí. Mo sì gbọ́ ohùn ara mi: “Ọwọ́ mi ló tẹ̀ ẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ọwọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi ló mọ ilẹ̀. Òun ló mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Mo ní kó dákẹ́.”

Wọ́n pa àtẹ́wọ́. Ẹnjiníà ń súfèé. Ìyá Ìjọ ní, “Ẹ mú wọn wá ká rí wọn ná!” Mo ní ó dáa, mo sì padà síbi ìjókòó mi.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, kálukú kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀. “Ó dàbọ̀, Bàbá Bíríkìlà!” Ọkọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Orúkọ mi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo jókòó sínú ọkọ̀ tèmi, mo kọjú sí ògiri, mo pe Ìyá Ìbejì. Sunday ni, kò bẹ̀rù.

Mo sọ ohun tí mo sọ nínú ìjọ fún un.

Ó ní, “Níwájú ènìyàn?”

“Níwájú gbogbo wọn.”

“Ẹ sọ pé èmi ni?”

“Mo sọ pé ìwọ ni.”

“Pé ẹ ní kí n dákẹ́?”

“Mo sọ ìyẹn náà.”

Mo gbọ́ tó ń mí. Mo rò pé ó máa ní ó dàbọ̀, bí a ṣe máa ń ṣe ní Sunday. Iṣẹ́ ti parí, kò sí ilẹ̀ tí mo tún máa bi í léèrè mọ́.

“Ẹ tún un sọ,” ó ní. “Bí ẹ ṣe sọ ọ́ gan-an.”

Mo wo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló kù ní pápá náà, tèmi ni. Mo gbé ohùn sókè bí ẹni tó dúró níwájú ìjọ, mo sì tún un sọ.